Mo Fi Káfúrà Bo Òórùn Epo Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bá mi kẹ́dùn. Àwọn tó ti bá mi kẹ́dùn pọ̀, wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n ń kẹ́dùn lé lórí. Ohun tí mò ń tọrọ ni pé kí ẹ ka ọ̀rọ̀ mi dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Bí ẹ bá sì kà á tán, ẹ dá ẹjọ́ náà bó ṣe tọ́ lójú yín.

Oyinadé ni orúkọ mi. Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí mi ti wá, Agége ni wọ́n bí mi sí. Ayé ìjọba ológun ni à ń wí yìí. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di aláìníṣẹ́, ilé iṣẹ́ tó ń ti ilẹ̀kùn pa ní Ìkẹjà sì pọ̀ ju èyí tó ń ṣí i lọ. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni mo ti ríṣẹ́ sí ọgbà kan lẹ́bàá ọ̀nà Ọba Akran, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, nítorí omi kan ò sí ládùúgbò yẹn ju ti gọ́tà lọ. Fáíbà, irú ike líle kan, ni a fi ń ṣe àwọn ọkọ̀ náà. Bí a bá parí ọ̀kan, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé e lọ sí etí ọ̀sà. Ọ̀gá wa, Ẹnjiníà Adégbénró, máa ń sọ pé ẹni tó ń kan pósí náà kì í gbé nínú ibojì.

Èmi ni mò ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí. Ìṣó, ọ̀dà, aṣọ tí a fi ń bo àga ọkọ̀, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù, kọ́kọ́rọ́ gbogbo wọn wà lọ́wọ́ mi. Lákòókò náà, ènìyàn lè sùn sí ilé epo mọ́jú kó má rí epo rà, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì yẹn ni mò ń ṣọ́ jù.

Kazeem ni mẹkáníìkì wa. Ọmọ onílé ni ní Agége, ó sì fi díẹ̀ jù mí lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Brọ̀dá Kazeem, kódà lẹ́yìn tí gbogbo ọgbà ti mọ̀ pé à ń fẹ́ra. Ó ti wá kí àwọn òbí mi. Ìyá rẹ̀ sì ti ń pè mí ní ìyàwó.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà lọ́wọ́ Kazeem tí ẹnikẹ́ni kò gbà á sí. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ikùn yẹ kó ní fáànù kékeré kan tó ń fa èémí epo jáde kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì. Òkè òkun ni fáànù náà ti ń wá. Nígbà tí náírà já wálẹ̀, ọ̀gá ní agbára òun kò ká a mọ́. Ó ní kí a máa ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí atẹ́gùn wọ ibẹ̀, kí Kazeem sì máa fi imú yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí Kazeem bá ní kò sí òórùn, a ó tan án. Bó bá ní òórùn wà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí imú ènìyàn kan ṣe di fáànù ilé iṣẹ́ wa nìyẹn. Àwọn wẹ́dà tó ń jó irin nínú ọgbà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní kó wá bá àwọn gbóòórùn ẹ̀wà tó wà lórí iná bóyá ó ti jinná. Inú rẹ̀ a sì máa dùn sí i.

Nígbà tí wọ́n kó kẹ́ẹ̀gì sí ìkáwọ́ mi, ó pè mí jókòó. Ó ní ohun tó ń gbiná kì í ṣe epo tí à ń fojú rí, èémí rẹ̀ tí a kò rí ni. Ó ní èémí náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í gòkè bí èéfín igi ìdáná, ìsàlẹ̀ ló ń wá lọ, yóò sì dùbúlẹ̀ sínú ikùn ọkọ̀ bí omi. Ó ní bí a bá fẹ́ rọ epo, kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí a ti àwọn fèrèsé rẹ̀ kí èémí má bàa ráyè wọlé, kí àwọn wẹ́dà sì pa iná iṣẹ́ wọn. Bí a bá rọ ọ́ tán, ká wá ṣí gbogbo rẹ̀ gbayawu. Bí epo bá sì dà sínú ikùn ọkọ̀, ká nù ún, ká kó aṣọ tí a fi nù ún jìnnà, ká ṣí ọkọ̀ náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

"Oyin," ó ní, "kí epo dà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣáà ti sọ pé ó dà, ká jọ dúró."

Mo ní mo ti gbọ́. Lóòótọ́ ni mo sì gbọ́. Èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n kò kọ́.

Oníbàárà kan wà tó ń jẹ́ Alhaji Tìjání, tó fẹ́ máa fi ọkọ̀ kó èrò lọ sí Ìkòròdú. Ó ti wá wo ọkọ̀ kan tí a ń parí lọ́wọ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ọ̀gá pé òun ti gun ọkọ̀ ẹnìkan rí tó ń rùn bẹntiróòlù, tí ìyàwó òun bì títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tó bá ń rùn, ọkọ̀ tó ń jò ni, òun kò ní fi owó òun rà á. Ó ní bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, òun á mú ìyá òun àti àwọn ìyàwó òun wá gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún, àwọn á ṣe àdúà sí i, òun á sì gbé e.

Ọ̀gá pe gbogbo wa jọ lẹ́yìn tó lọ. Ó ti pẹ́ tí a ti gba owó oṣù kẹ́yìn. Ó ní bí Alhaji bá ra ọkọ̀ yìí, òun á san ohun tó lè san. Bí kò bá rà á, kí kálukú máa wá ibòmíràn lọ. Kazeem wò mí, mo wò ó. Owó yẹn ni a fi ojú sí láti fi ṣe ìgbéyàwó.

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ pé, Kazeem wẹ̀, ó wọ jalàbíà funfun, ó sì mú ọ̀nà mọ́sáláṣí pọ̀n. Ó sọ fún mi kó tó lọ pé òun á rọ epo sínú ọkọ̀ bí òun bá dé. Ó ní kí n má ṣe dààmú.

Èmi ni mo dààmú ara mi. Mo rò ó pé bí Alhaji bá ṣáájú rẹ̀ dé ńkọ́? Ṣé ojú wọn náà ni a ó máa rọ epo, tí gbogbo ibẹ̀ á máa rùn? Mo rò pé bí mo bá rọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, atẹ́gùn á ti gbé òórùn lọ kí wọ́n tó dé. Ìrànlọ́wọ́ ni mo pè é.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì gun ọkọ̀ náà níbi tí wọ́n gbé e lé orí pákó. Mo ki àrọ bọ ẹnu ihò epo. Ojú mi sì wà lẹ́nu géètì. Kẹ́ẹ̀gì náà wúwo, àrọ yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Kí n tó gbé kẹ́ẹ̀gì dúró, epo ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ó ń gba àárín pákó lọ sínú ikùn ọkọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń lọ.

Mo ṣí ìdérí. Mo fi àkísà nu ibi tí ọwọ́ mi lè dé. Ibi tí ọwọ́ mi kò dé pọ̀ ju ibi tó dé lọ. Òórùn náà gbá mi lọ́fun débi pé omi ń bọ́ lójú mi.

Ìgbà yẹn ni Làsísì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, wá sọ fún mi pé Alhaji àti àwọn ará ilé rẹ̀ ti dé. Ọ̀gá ti ń fún wọn ní míńírà. Oòrùn mú, nítorí náà àwọn obìnrin wà nínú mọ́tò wọn lábẹ́ igi, wọ́n ń dúró kí wọ́n pè wọ́n. Làsísì ní kí n múra, ọ̀gá ti ń kánjú.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kò sí ẹ̀mí àìrí tó gbé mi ṣe é. Mo dúró, mo ronú. Mo mọ̀ pé ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n lọ bá ọ̀gá, kí n sọ pé epo ti dà lọ́wọ́ mi, ọkọ̀ kò ṣe é tàn lónìí. Mo fojú inú rí ojú ọ̀gá. Mo fojú inú rí Alhaji tó ń padà wọ mọ́tò. Mo rí ìgbéyàwó mi tó ń sún síwájú, tó ń sún síwájú. Ojú tì mí pẹ̀lú, nítorí gbogbo ọgbà ló ń yìn mí pé nǹkan kì í bàjẹ́ lọ́wọ́ mi.

Káfúrà wà nílé ìkẹ́rùsí, àwọn oníkóró funfun tí à ń kó sáàárín aṣọ àga kí aáyán má bàa jẹ ẹ́. Mo bu ẹ̀kúnwọ́, mo fi òkúta rún un, mo lọ fọ́n ọn sínú ikùn ọkọ̀, lábẹ́ pákó. Mo fi pa ẹnu ìdérí yíká. Mo mú sẹ́ǹtì inú báàgì mi, mo wọ́n ọn lé e. Mo wá dé ìdérí náà.

Nígbà tí mo tún un ṣí láti yẹ̀ ẹ́ wò, kò rùn bí epo mọ́. Ó ń rùn bí àpótí aṣọ ìyàwó. Kí n má purọ́ fún yín, mo yin ara mi. Mo ní bí àlejò bá ti lọ tán, n ó sọ fún Kazeem. Ṣé ẹ rí i pé èmi náà mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ?

Kazeem dé. Ó kọ́kọ́ lọ kí àwọn obìnrin nínú mọ́tò, ó tẹ̀ ba fún ìyá Alhaji, ó wá sáré wá sídìí ọkọ̀. Ó rí kẹ́ẹ̀gì.

"Oyin, ìwọ lo rọ epo yìí?"

Mo ní èmi ni.

"Ṣé kò dà?"

"Kò dà," mo ní. Mo tún rẹ́rìn-ín sí i.

Ó gun ọkọ̀. Ó ṣí ìdérí, ó kúnlẹ̀, ó ti orí bọ̀ ọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú jalàbíà funfun yẹn. Bí mo bá ní kí n pè é, ohùn mi ì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ń juwọ́ sí i láti ọ̀ọ́kán pé kó yára. Kazeem gbé orí sókè, ó wo ìhà ọ̀dọ̀ mọ́tò àwọn obìnrin, ó tún wò mí.

Ó ní, "Kò sí òórùn epo, sà."

Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ìró náà kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe máa rò. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ju àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù. Ìdérí fò. Iná gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, Kazeem sì ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń jó. Làsísì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń yí i nínú yẹ̀pẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iná. Àwọn obìnrin ń pariwo nínú mọ́tò. Èmi dúró síbi tí mo wà. N kò sunkún, n kò ké. Mo kàn ń rò ó pé kẹ́ẹ̀gì ṣì wà níbẹ̀, ó yẹ kí ẹnìkan gbé e kúrò. Mo sì lọ gbé e kúrò.

Kò kú. Iná jẹ ojú rẹ̀ lápá kan àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọkọ̀ náà jó di eérú, ó sì jó gbogbo ohun tí mo fọ́n sínú rẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ọ̀gá wá bá a ní ọsibítù. Èmi ni mo jókòó tì í. Ọ̀gá kò jókòó. Ó bi í bóyá ó gbóòórùn ọkọ̀ náà dáadáa. Kazeem ní òun gbóòórùn rẹ̀, kò sí òórùn epo níbẹ̀. Ọ̀gá ní kí ló wá gbiná nígbà náà?

Ọ̀gá kọjú sí mi. "Oyinadé, ìwọ lo rọ epo. Ṣé ó dà?"

Kazeem ṣí ojú láàárín báńdéèjì, ó ń wò mí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹ̀rù sì bà mí ju àánú lọ.

"Rárá, sà," mo ní.

Ó pa ojú rẹ̀ dé. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ nígbà tó sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú, sà. Bóyá mo kánjú. Bóyá imú mi kò ṣiṣẹ́."

Bí ẹ bá ń wá ibi tí mo ti da ọkùnrin yìí, ibẹ̀ ni. Ti ọgbà, ẹ lè pè é ní àṣìṣe òmùgọ̀. Ti ọsibítù kì í ṣe àṣìṣe.

Ọgbà tilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ sì tàn kálẹ̀ láàárín àwọn mẹkáníìkì láti Ìkẹjà dé Agége, pé Kazeem ti mọ́sáláṣí dé, ó ń kánjú, kò gbóòórùn ọkọ̀ kó tó tan án. Ìyá mi ní kí n fà sẹ́yìn, pé ojú ọkùnrin náà ti yí padà. Mo kọ̀. Mo fẹ́ ẹ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe yìn mí. Wọ́n ní irú obìnrin bíi tèmi ṣọ̀wọ́n. Àwọn ìyá àdúgbò ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn. Ìyá Kazeem, opó tí kò ní ọmọkùnrin mìíràn, máa ń gbé ọwọ́ lé mi lórí, á ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n kábàámọ̀. Mo ń ṣe àmín. Inú mi dà bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò. N kò gbọ́ ìyìn yẹn dùn, n kò sì gbọ́ ọ korò.

Ọwọ́ rẹ̀ san. Ó lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọgbà mẹkáníìkì nítòsí Pẹn Sínímà, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní ẹni tí kò gbóòórùn epo á sun àwọn mọ́lé. Wọ́n fún un ní igun kan lẹ́nu ọ̀nà kó máa lẹ táyà. Ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi palẹ̀ ló di fọgánáísà.

Èyí tó burú jù wà nínú ilé. Kò gba imú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Nígbà tí a bí ọmọ wa, Fọláyọ̀, kì í gbé ohunkóhun sí ọmọ náà lẹ́nu àfi kí n kọ́kọ́ bá a gbóòórùn rẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá ń jó nílé ẹlòmíràn, á dìde, á ní, "Ìyá Fọláyọ̀, ṣé nǹkan ń jóná ni, àbí imú mi ni?" Mo máa ń ní, "Bàbá Fọláyọ̀, nǹkan ń jóná lóòótọ́." Á ní ó ṣeun. Á tún jókòó. Lójoojúmọ́ ni imú rẹ̀ ń sọ òótọ́ fún un, lójoojúmọ́ ló sì ń wá bi irọ́ léèrè.

N kò jẹ́ kí káfúrà wọ ilé mi. Aáyán jẹ aṣọ ìgbéyàwó mi, mo ń wò ó.

Ó di Iléyá ọdún kan. Ìyá Kazeem wá bá wa ṣọdún. Wọ́n gbé agbádá bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá, wọ́n ní ó tó àkókò kí ọmọ máa wọ̀ ọ́. Ìsàlẹ̀ àpótí ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń gé ẹran. Kazeem ń wọ agbádá náà nínú yàrá.

Nígbà tí mo wọlé wá mú abọ́, ó ti bọ́ agbádá náà. Ó mú un lọ́wọ́, ó fi bo imú rẹ̀. Ojú rẹ̀ pa dé. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Oyin," ó ní. Ó ti pẹ́ tó ti pè mí bẹ́ẹ̀. "Mo mọ òórùn yìí."

Mo ní òórùn aṣọ àtijọ́ ni, bí gbogbo aṣọ àpótí ṣe ń rùn nìyẹn.

Ó ní rárá. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí ọkọ̀ jó, òun gbóòórùn káfúrà nígbà tí òun ti orí bọ inú rẹ̀. Ó ní òun ti kí ìyá Alhaji nínú mọ́tò, aṣọ àpótí ni wọ́n wọ̀, òun sì rò pé òórùn wọn ló ṣì wà nímú òun. Òun kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nítorí òun kò kà á sí.

"Ṣùgbọ́n ìyá Alhaji kò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò," ó ní. "Ìsàlẹ̀ ni òórùn yẹn ti ń bọ̀. Inú ikùn ọkọ̀ ló ti ń bọ̀. Ta ló da káfúrà síbẹ̀, Oyin?"

Ọ̀bẹ ẹran wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e kalẹ̀. Mo lè purọ́. Mo ti ń purọ́ fún un tipẹ́, òógùn kì í tilẹ̀ bò mí mọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi kò ní í sọ pé òtítọ́ bá mi. Ó kàn rẹ̀ mí ni.

"Èmi ni," mo ní. "Epo dà."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rò pé yóò gbá mi. Ì bá gbá mi.

Ó ní, "Nítorí náà, imú mi kò ṣe nǹkan kan?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Láti ọjọ́ yẹn?"

"Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá Fọláyọ̀."

Omijé gba ojú àpá náà wálẹ̀. Kò nù ún. Ó ní òun bi mí. Ó ní kí òun tó gun ọkọ̀, òun bi mí. Ó ní nígbà tí imú òun sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, tí òun rántí pé Oyin ti ní epo kò dà, òun gba Oyin gbọ́ ju imú òun lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo rí ìyá rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó mú fìlà olóògbé lọ́wọ́. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó ti ọmọ wọn nílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ní kí n ṣe. Nígbà tí ọdún parí, ó mú mi lọ sí ọgbà mẹkáníìkì. Mo dúró láàárín àwọn ọkùnrin yẹn, àárín epo dúdú àti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tú, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí epo ṣe dà, bí mo ṣe fọ́n káfúrà, bí mo ṣe purọ́ ní ọsibítù. Mo rò pé wọ́n á bú mi. Olórí wọn, bàbá kan tó ti darúgbó sẹ́nu iṣẹ́, kàn ní, "Ìyàwó, a ti gbọ́. Ẹ máa lọ sílé."

Ó nàwọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò akẹ́rù kan sí Kazeem. Kazeem ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ orí wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó pẹ́ níbẹ̀. Kò wojú mi láti béèrè. Kò wojú ẹnikẹ́ni. Mo ti dé etí títì kí n tó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rọ epo, ìbáà ṣe sínú ọkọ̀ ojú omi, ìbáà ṣe sínú jẹnẹrétọ̀ ilé yín: bí ó bá dà lọ́wọ́ yín, ẹ sọ pé ó dà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ jẹ́ kí àlejò máa bínú lọ. Ẹ má fi òórùn kan bo òórùn mìíràn, nítorí òórùn ni ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tí èémí epo ń ṣe fún ọmọ ènìyàn. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ èyí rí. Èmi náà ti gbọ́ ọ rí.

Kazeem ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ báyìí. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bùté Mẹ́tà ti gbà á síṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ẹ́ńjìnnì wọn wà. Ó ń wá wo Fọláyọ̀, ó ń bọ́ ọ, ó ń kí mi. Kò gbé ohùn sókè sí mi rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ nìkan ló wá, wọ́n ní àwọn wá kó ìyókù aṣọ rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n sì jókòó lórí ibùsùn wa.

"Kazeem ti dárí jì ọ́," wọ́n ní. "Ó ní kí n sọ ọ́ fún ọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti sọ ọ́. Ti iná kọ́ ló ń dùn ún, iná lè jó ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kò lè sùn ti ẹni tó mọ̀ pé ojú òun ríran, tó sì ń di ọ̀pá mú fún òun kiri ilé bí afọ́jú."

Mo ní mo gbọ́, Mà. Mo bá wọn di aṣọ náà, mo sì gbé e dé ẹnu géètì.